Mẹ̀ṣì Irin fún Ògiri Òkúta

Kí ẹnikẹ́ni má wá wàásù ìfaradà fún mi. Mo jowú, mo sì mọ̀ pé mo jowú. Odindi oṣù méjì ni mo fi jowú nítorí ògiri kan ní Bantè, ògiri tí mi ò tíì fojú kàn rí. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi tilẹ̀ kọjá àyà, gbogbo ara mi ló rù.

Sọ̀fíyàt lorúkọ mi. Mo ní ìsọ̀ irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Savalou, ní Benin níbí: ìṣó, sikúrù, páìpù, kọ́kọ́rọ́, àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ń lu ògiri. Bàbá mi ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ará Mahi, àwọn onílẹ̀ Savalou, tó ń rajà lọ́wọ́ mi máa ń ní ẹnu mi nìkan tó láti lu ihò sí ògiri, pé kí n má wulẹ̀ ta ẹ̀rọ. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, torí wọn ò parọ́.

Luqman lọkọ mi, ọmọ Bantè ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kan nǹkan mọ́ ògiri: àpótí ìkówèésí, fèrèsé onírin, àgbá omi, ohunkóhun tí ẹ ò bá fẹ́ kó já lù yín lórí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá sọ ogún ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ló máa fi dá mi lóhùn, ẹyọ kan náà á sì jẹ́ "Ó dáa." Òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń mọ mẹ̀ṣì yàtọ̀ síra. Mẹ̀ṣì ni wọ́n ń pe irin lílọ́ tí wọ́n ń kì sẹ́nu ẹ̀rọ ìlugiri níbí. Nílé bàbá mi, bíìtì la ń pè é. Kí n tó lọ́kọ, bí ẹni ń bu ẹ̀pà ni mò ń tà á, èyí tí ọwọ́ mi bá bà ni mò ń gbé fún oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a ṣègbéyàwó ló da gbogbo wọn sórí tábìlì, ó sì jókòó tì mí.

"Wo orí wọn," ó wí. "Èyí tó mú ṣóńṣó, tó ń dán látòkè délẹ̀, ti irin ni. Èyí tó ní ẹ̀gún kékeré láàárín orí, ti igi ni. Èyí tí wọ́n jó irin mìíràn mọ́ lórí bí àgógó ẹyẹ, tó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ti ògiri nìyẹn. Bí ògiri bá wá jẹ́ òkúta, èyí tí orí rẹ̀ lójú mẹ́rin ni kí o wá." Ó mú ọ̀kan nínú olójú mẹ́rin náà, mo so òwú pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo gúnyán lálẹ́ ọjọ́ náà láìjẹ́ pé àlejò wà nílé.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá ló wọlé wá sọ pé òun ríṣẹ́ ní Bantè. Mẹ́tìrì Lambert, tíṣà tó kọ́ ọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ ò sì gbé e dáadáa mọ́. Wọ́n fẹ́ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti yàrá rẹ̀ dé balùwẹ̀, kó lè máa fọwọ́ dì í rìn. Ihò mẹ́jọ péré.

"Ta ló gbéṣẹ́ fún yín?" mo bi í.

"Chimène ni, ọmọ rẹ̀."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló ṣe sọ ọ́. Àmọ́ èmi mọ orúkọ yẹn. Nafissath, ìbátan ọkọ mi tó ń ta epo bẹntiróòlù lójúkojú ìsọ̀ mi, ti tú àṣírí fún mi tipẹ́: kí Luqman tó rí mi, Chimène ló máa ń gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Gouka. Kẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe alùpùpù. Ọkùnrin tó bá fẹsẹ̀ wa obìnrin gba ọ̀nà erùpẹ̀ yẹn, ẹ má sọ fún mi pé àánú ló ń ṣe é. Chimène náà lọ́kọ, ọkọ kú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní méérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bantè, báyìí, Nafissath ní ó ń wọ bàtà gogoro, ó sì ń sọ Faransé bí ẹni ń mumi. Èmi ilé kéwú ni mo lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, Luqman dúró níwájú káńtà, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí. "Ìyá Imane, fún mi ní mẹ̀ṣì òkúta kan, nọ́ńbà mẹ́wàá."

Ọwọ́ mi lọ síbi ti òkúta, ó dúró. Ó yà síbi ti irin. Mo mú ọ̀kan tó ń dán bí ojú ẹja, mo fi bébà wé e bámúbámú, mo sì fún un. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mẹ̀ṣì irin kì í wọ ògiri líle: á máa yí, á máa kígbe, orí rẹ̀ á gbóná títí á fi dúdú, ihò ò sì ní jìn ju ìdajì èékánná lọ. Mo fẹ́ kí ọkọ mi làágùn níwájú obìnrin yẹn kó má sì rí nǹkan kan ṣe. Mo fẹ́ kí Chimène wò ó, kó ní, "Áà, ṣé ọkùnrin tí mo ń rò nìyí?" kó sì lọ pe ẹlòmíì.

Luqman ò tú bébà náà wò. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé, ó gbé mẹ̀ṣì náà sórí káńtà. Orí rẹ̀ ti kú, ó dúdú, ó sì rí kùǹdù bí àtàǹpàkò. "Ògiri yẹn le," ló wí. Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ó tán nìyẹn.

Kò tán. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó tún dúró níwájú káńtà. Mo tún fún un ní ti irin. Lọ́jọ́ Àtàlátà ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Chimène ò pe ẹlòmíì, ọkọ mi ò sì jáwọ́. Àtàlátà àti Àlàmísì, Àtàlátà àti Àlàmísì, ó di bí ẹni ń lọ kírun. Mo wá agolo mílíìkì kan sábẹ́ káńtà, inú rẹ̀ ni mò ń kó àwọn tó kú sí. Àwọn ọjọ́ mìíràn, ògbólógbòó tàná ló máa ń gbé lọ, síbẹ̀ nígbà tí oṣù méjì fi máa pé, wọ́n ti di méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo da méjèèje sílẹ̀, tí ojú mi sì là. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn, èmi gan-an ni mo di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí. Ká ní mo ti fún un ní ti òkúta lọ́jọ́ kìíní ni, ì bá ti lu ihò mẹ́jọ kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, kó sì padà wálé. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fún un nísinsìnyí? Ó máa béèrè ohun tí mo ti ń fún un tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà ń yọ̀. Ẹni tí ògiri ń dójú tì kì í yọ̀. Á wọlé, á máa kun orin lábẹ́nu, á gbé Imane sókè. Lálẹ́ Àlàmísì kan, ó ń jẹ iṣu, ó sì dá rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí."

"Kò sí" yẹn dun mí ju ìgbájú lọ. Mi ò sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi mọ ògiri Bantè. Bí kò bá jẹ́ amọ̀ pupa, búlọ́ọ̀kù oníyanrìn púpọ̀ ni. Bí ẹ bá fi mẹ̀ṣì irin tì í, tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn, ó pẹ́ ni, ihò á wà níbẹ̀. Ògiri wo ló wá jẹ mẹ̀ṣì méje? Irọ́ ni. Kò lu ògiri kankan. Ó ń fi mẹ̀ṣì họ kọnkéré níbì kan kí n lè rí i pé ó ṣiṣẹ́, iṣẹ́ gidi sì wà nínú yàrá Chimène.

Mo pinnu pé ògiri náà ló máa jẹ́rìí. Bó bá rọ̀, mo ti mú wọn.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́ kí Luqman lọ tán, mo ti ìsọ̀. Mo gbé pẹrifọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ. Ìyẹn ni ẹ̀rọ ńlá tó ń yí tó sì ń gbá bí òòlù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ń yí nìkan ò ṣeé gbójú lé fún òkúta. Mo mú mẹ̀ṣì tirẹ̀ méjì, olójú mẹ́rin, tí wọ́n gbẹ́ ìdí wọn kí ẹ̀rọ lè gbá wọn mú. Mo dì í sínú aṣọ ọmọ, mo gbé e lé itan nínú tásì. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọmọ náà ń sùn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn. Bó bá jí, ẹ máa gbọ́ igbe."

Mo ní ilé Mẹ́tìrì Lambert ni mò ń lọ, sẹ̀mí, ìyẹn alùpùpù akérò, gbé mi láti ibùdókọ̀ Bantè kọjá ọjà, ó já mi sẹ́nu ọ̀nà ilé ọlọ́gbà kan. Alùpùpù ọkọ mi wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ẹ̀rín Luqman, irú èyí tí mi ò gbọ́ nílé wa láti ìgbà tí a ti bí Imane. Mi ò kan ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wà. Luqman, àti bàbá arúgbó kan tó gùn, tó gbẹ. Apá bàbá náà wà léjìká ọkọ mi, ọwọ́ ọkọ mi sì yí i ní ìbàdí. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìsinmi kan, bàbá sì ń pe ìlọ́po ní èdè Faransé. Méje lọ́nà mẹ́jọ? Ìṣísẹ̀ kan. Méje lọ́nà mẹ́sàn-án? Luqman ṣì í. Bàbá fìka kàn án lórí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ń ka ìlọ́po bí ọmọ ilé-ìwé.

"Obìnrin yẹn dà?" mo wí.

Wọ́n yíjú. Luqman ní, "Ìyá Imane! Obìnrin wo?"

"Chimène!"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ ni."

"Àtàlátà ńkọ́?"

"Ọjọ́ iṣẹ́ náà ni." Ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

Inú mi ò rọ̀. Òjòwú tó ti wọkọ̀ tásì débì kan kì í fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. "Ògiri dà?" mo wí. Mo tú aṣọ ọmọ lára ẹ̀rọ.

Àmì ẹfun mẹ́jọ wà lára ògiri, ihò tí kò jìn sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àpá ṣọ̀pọ̀ná. Mo ki mẹ̀ṣì sẹ́nu ẹ̀rọ, mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ síbi àwòrán òòlù, mo fi ẹsẹ̀ méjì dúró dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́. Eruku eérú ló kọ́kọ́ tú jáde, eruku sìmẹ́ńtì. Mo ń sọ lọ́kàn pé, "Mo ti mú yín." Kò tíì wọlé tó ìka kan tí ẹ̀rọ fi ta padà sí mi lọ́wọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń dún gan-an-gan-an. Eruku tó ń bọ̀ wá di funfun, ó ń kọ mànà. Eruku akọ òkúta nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, òun ló kún orí àwọn òkè Savalou.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó òkúta yẹn," Mẹ́tìrì Lambert wí látorí àga tí Luqman gbé e sí. "Nígbà tí mò ń kọ́ni ní Savalou. Lópin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ oníṣu tó bá ń padà sófo ló ń bá mi gbé e wá. Àwọn ènìyàn ń bú mi. Wọ́n ní ta ló ń fi òkúta kọ́lé ní Bantè?"

Ògiri ti jẹ́rìí, ọkọ mi ló sì gbè. Ojú tì mí. Àmọ́ mi ò lè dúró láàárín ihò, mo ń lù ú lọ. Mi ò fara tì í. Bí mo bá lù díẹ̀, mo máa fa mẹ̀ṣì jáde kí eruku dà kúrò, kí orí rẹ̀ sì tutù, kí n tó padà sí i. Ihò kìíní jìn tó. Ó ku kí n ki ṣẹfíì sí i, ìyẹn ọ̀rá kékeré tí sikúrù máa ń dì mú nínú ògiri.

"Ẹ fún mi ní ṣẹfíì," mo wí fún Luqman. Kò mira. Mo ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fúnra mi.

Lábẹ́ àwọn ṣẹfíì, mo bá àkísà kan tí wọ́n fi òróró pa. Mo tú u. Mẹ̀ṣì òkúta ni, nọ́ńbà mẹ́wàá, olójú mẹ́rin, tuntun. Òwú pupa tí mo so lọ́jọ́ tó kọ́ mi ṣì wà ní ìdí rẹ̀; ó fi í pamọ́, kò lò ó rí.

Mo wò ó, mo wo ọkọ mi. Ẹni tó kọ́ mi. Báwo ni mo ṣe lérò pé mo lè fi mẹ̀ṣì irin tan ẹni tó kọ́ mi ní mẹ̀ṣì? Owú ti fọ́ mi lójú débi pé mo gbàgbé ẹni tó la ojú náà.

"O mọ̀," mo wí. Mo tilẹ̀ gbàgbé láti pè é ní ẹ̀yin.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Mo tú bébà náà nígbà tí mo dúró rọ epo lọ́nà."

"Ìwọ sì gbé e wá! O ní ti òkúta lọ́wọ́, o fi ti irin ń họ ògiri fún oṣù méjì! Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó gba mẹ̀ṣì òkúta náà lọ́wọ́ mi. "Ìyá Imane, bí mo bá lu ihò mẹ́jọ yìí tán, irin á dúró. Bí irin bá ti dúró, kí ni mo tún ń wá ṣe níbí? Ọmọ ọdún méje ni mí tí bàbá mi kú. Mẹ́tìrì ló ń bu oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sí méjì fún mi títí mo fi jáde ìwé. Mo fẹ́ máa wá mú un rìn, mi ò sì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọ. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò yá mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo wá tú bébà yẹn, tí mo rí mẹ̀ṣì irin..." Omi lé sí i lójú, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo ní, áà, ìyàwó mi ti mọ̀. Mi ò sọ ọ́, ó gbọ́. Ìwọ tí o kì í ṣi mẹ̀ṣì mú! Mo ní o mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní èyí tí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ parí ni, kí n lè máa wá. Mo sọ fún Mẹ́tìrì pé ìwọ lò ń rán mi."

Mẹ́tìrì mi orí. "Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń sọ ọ́. Irin ò burú, ọmọ mi, ó wúlò bí ilẹ̀ bá ṣú. Àmọ́ irin kì í ṣi ìlọ́po pè, kò sì lè pa mí lẹ́rìn-ín."

Ẹnu tí wọ́n ní ó lè lu ògiri kò wúlò níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ mi, ó wúwo bí ọlọ. Ẹ̀bùn tí mi ò ṣe ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀. Ká ní mo jẹ́ ènìyàn rere, ǹ bá ti sọ òtítọ́ níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo yíjú sí ògiri, mo lu ihò méje tó kù, eruku funfun bò mí lójú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń sunkún.

A ti ń di sikúrù tó gbẹ̀yìn nígbà tí Chimène dé láti ibi iṣẹ́. Obìnrin sísanra kan tó ti rẹ̀, sálúbàtà onírọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo Luqman, ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó di ọwọ́ mi eléruku mú.

"Ìyá Imane! Ẹ̀yin náà nìyí. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló lè yọ̀ǹda ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún bàbá oníbàbá. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń rán òun. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àmín." Àmín tó korò jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Síbẹ̀, bó ti ń dìde, mo wo ọrùn rẹ̀, mo sì rí i pé ó lẹ́wà. Mo tún jowú díẹ̀. Kí n má parọ́.

Luqman fi alùpùpù gbé mi padà sí Savalou. Lọ́jọ́ Àtàlátà, kò lọ síbì kankan. Ó jókòó síwájú ìsọ̀, ó ń wo ọ̀nà. Kò kun orin. Mo ti gba ọkọ mi padà pátápátá, ó wà níbi tí mo fẹ́ kó wà, mi ò sì lè wojú rẹ̀. Agolo mílíìkì yẹn ṣì wà lábẹ́ káńtà pẹ̀lú méje inú rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un títí dòní ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń wé wọn ní bébà, mi ò sì rò pé mo lè sọ ọ́ láé.

Láàárọ̀ Àlàmísì, fóònù rẹ̀ dún. Mẹ́tìrì Lambert ni. Ó ní òun fẹ́ pẹpẹ kékeré kan lára ògiri òkúta náà, níbi tí òun máa gbé rédíò òun lé. Ihò méjì.

Luqman wá dúró níwájú káńtà. Kò sọ nọ́ńbà, kò sọ irú èyí tó fẹ́. Ó kàn dúró.

Ọwọ́ mi lọ síbi ti òkúta, ó dúró. Ó yà síbi ti irin. Mo mú ọ̀kan tó ń dán bí ojú ẹja, mo fi bébà wé e bámúbámú, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, níṣojú mi ló ti tú bébà náà. Ó wò ó títí.

"Ó dáa," ó wí. Ó ti ń kun orin kó tó débi alùpùpù.

"Bàbá Imane!" mo pè é padà. "Ṣé ó dá yín lójú pé ọjọ́ iṣẹ́ ni Àlàmísì ní méérì?"